Ayọ̀ Bánkọ́lé, Ọ̀gá Píánò àti Olùkọ́ Orin

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba yín, bí àwọn tí ó ṣe àtìpó ní Kanvili ní ìlú Tamale ní àríwá Ghana, ó tọ́ kí ẹ gbọ́ pé a kò bí ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìlú Jos, lórí òkè níbi tí ọyẹ́ ti máa ń mú gidigidi, ni a bí Ayọ̀ Bánkọ́lé sí ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1935. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe ni láti mú ohùn Yorùbá jáde láti inú píánò, ohun èlò tí àwọn òyìnbó ṣe fún ohùn tiwọn.

Inú orin ni a bí i sí. Baba rẹ̀, Theophilus Abíọ́dún Bánkọ́lé, ni atẹdùùrù àti ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ Áńgílíkà ti St. Luke's ní Jos. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ olùkọ́ orin, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Queen's School ní Ẹdẹ fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1941 a mú ọmọ náà wá sí Èkó lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, Akinje George, tí òun náà jẹ́ olórin. Baptist Academy ni ó ti kàwé, ó sì wọ ẹgbẹ́ akọrin ti Cathedral Church of Christ ní Marina, níbi tí T. K. Ekundayo Phillips ti jẹ́ ọ̀gá dùùrù láti ọdún 1914.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ekundayo Phillips kò fi ṣeré, ó sì kan gbogbo ìjọ tí ń kọrin ní èdè wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn tí àwọn òyìnbó fi ń kọ ọ́ ni a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kàn to ọ̀rọ̀ tiwa sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko yóò di ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti kọ irú orin bẹ́ẹ̀ láti kékeré, tí ó jẹ́ pé nítorí a ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí nìkan ni a fi ń gbọ́ ohun tí à ń wí. Phillips kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Abẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni Bánkọ́lé ti dàgbà.

Ní ọdún 1954 ó di akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ti Nàìjíríà ní Èkó, níbi tí Fẹlá Sówándé, àgbà atẹdùùrù, ti ń ṣiṣẹ́ lórí orin. Iṣẹ́ akọ̀wé kò pa iṣẹ́ orin lára. Ní ọdún 1956 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin gígùn kan fún píánò nìkan, tí ó pè ní The Passion, èyíinì ni ìjìyà Olúwa wa. Ọdún 1959 ni ó tó parí rẹ̀.

Ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó parí rẹ̀, nítorí ní ọdún 1957 Ìjọba Àpapọ̀ fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti lọ sí Guildhall School of Music and Drama. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ píánò, dùùrù àti bí a ti ń kọ ìwé orin. Ọdún mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀, àwọn orin tí ó sì kọ nígbà náà fi hàn bí ọkàn rẹ̀ ti wà nílé tó. Ọ̀wọ́ orin píánò tí ó pè ní Nigerian Suite ní orin kan nínú tí ń sọ nípa òjò inú igbó. Ní ọdún 1959 ó kọ orin Yorùbá mẹ́ta fún ọkùnrin olóhùn àárín àti píánò, nínú èyí tí ohùn orin ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ rò ó wò: gángan lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹnu ènìyàn, ṣùgbọ́n píánò kò lè fà á, ohùn tí a bá tẹ̀ ni yóò dún, yóò sì kú. Ẹni tí yóò mú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ sọ Yorùbá ní láti ní sùúrù púpọ̀.

Ní ọdún 1961 ó wọ Clare College ní Cambridge gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ atẹdùùrù tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ó sì gba oyè B.A. ní ọdún 1964. Ó di Fellow ti Royal College of Organists pẹ̀lú, oyè tí ó ga jù lọ fún atẹdùùrù ní ilẹ̀ náà. Ìdánwò rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ dùùrù, a ó sì gbé ìwé orin tí ènìyàn kò rí rí síwájú rẹ̀ pé kí ó tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Sówándé nìkan ni ó ṣáájú rẹ̀ gba oyè yìí láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà. Láti ibẹ̀, owó Rockefeller Foundation gbé e lọ sí yunifásítì ti California ní Los Angeles, kí ó lè kọ́ nípa orin àwọn ẹ̀yà ayé. Ní ọdún 1964 kan náà ni ó kọ Jona, ìtàn wòlíì Jónà, nínú èyí tí ìlù Yorùbá àti ohun èlò olókùn ti àwọn ará India jọ ń dún pọ̀.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ìbá rí iṣẹ́ jẹ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1966, ọdún tí ìbọn dún ní ìlú wa lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sílé. Ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó tún bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe akọ̀wé mọ́, bí kò ṣe àgbà alábòójútó ètò orin. Ní ọdún 1969 ó lọ sí Yunifásítì Èkó gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ orin.

Lójú tèmi, àwọn ọdún méje tí ó kẹ́yìn yìí ni ó jù nínú ìtàn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oyè òkè òkun ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Mo ti rí dùùrù ní ilé ìsìn tí a ti ní títì tí eku sì ń gbé inú rẹ̀, nítorí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni. Bánkọ́lé kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Èkó jọ, ó sì pè wọ́n ní Choir of Angels. Ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ní yunifásítì, ó sì kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní Chapel of the Healing Cross ní Ìdí-Àràbà. Kì í ṣe àwọn tí wọ́n ti mọ orin nìkan ni ó ń wá. Ó ń kọ orin tí agbára wọn ká, èyí tí ọmọ ilé ìwé lè kọ́ kí ó sì kọ pẹ̀lú ìdùnnú. Lẹ́yìn náà ó tún ń rìn kiri ṣe ìwádìí orin àbáláyé, nítorí kò gbà pé ìwé òyìnbó ti tó òun.

Ní ọdún 1974 ó kọ orin ńlá kan tí ó pè ní FESTAC, fún àwọn adákọrin, ẹgbẹ́ akọrin, dùùrù, fèrè àti àwọn ohun èlò ilẹ̀ wa, nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí gbogbo ayé ń retí. A sún àjọ̀dún náà síwájú. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, ọdún 1976, a pa Ayọ̀ Bánkọ́lé àti ìyàwó rẹ̀ ní Èkó. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977 ni àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún kan náà ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀ sì tẹ The Passion jáde, orin tí akọ̀wé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún bẹ̀rẹ̀ ní Èkó.