Heinrich Hertz

Ẹ̀yin ọmọ, bí mànàmáná bá kọ nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹ óò gbọ́ tí rédíò náà yóò ké ṣá. Kí ni ó so mànàmáná ojú ọ̀run pọ̀ mọ́ rédíò inú ilé? Heinrich Hertz ni ó kọ́kọ́ fi ohun tí ó wà láàrin wọn han aráyé.

Ìlú Hamburg ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 1857. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Bí Heinrich ti mọ ìwé ni ó mọ iṣẹ́ ọwọ́. Láti kékeré ni ó ti ń gbẹ́ igi tí ó sì ń fi irin ṣe nǹkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ó kàwé dé Yunifásítì ìlú Berlin, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Helmholtz ti kọ́ ọ. Ní ọdún 1885, ó di olùkọ́ àgbà ní ìlú Karlsruhe.

Ní àkókò náà, ọ̀rọ̀ kan ń da àwọn onímọ̀ láàmú. Maxwell, ará Skọ́tíláǹdì, ti fi ìṣirò sọ pé bí iná ẹ̀lẹ́kítíríkì bá ń lọ tí ó ń bọ̀ kíákíá, yóò rán ìgbì jáde tí yóò máa sáré bí ìmọ́lẹ̀. Maxwell kú ní ọdún 1879, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí ìgbì náà.

Hertz fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ohun èlò tí ó fi wá a. Ó gbé òbìrípo irin kékeré méjì sún mọ́ ara wọn láìjẹ́ kí wọ́n kanra. Ó so irin mọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì, ó sì rán iná tí ó lágbára sí wọn. Ẹ̀ta iná fò láàrin wọn pàrà! Bí ó ti ń fò, iná ń lọ ó ń bọ̀ nínú irin náà ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé wáyà kan tí ó ká bí òrùka kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Okùn kankan kò so ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Ó pa iná yàrá, ó tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀ta iná tí kò gùn tó mìlímítà kan ń tàn ní ẹnu wáyà náà!

Ó fi páànù síńkì ńlá kọ́ ara ògiri, ìgbì náà sì ta padà bí bọ́ọ̀lù. Nípa báyìí ni ó fi wọn gígùn rẹ̀. Nígbà tí ó gé irin rẹ̀ kúrú, ìgbì tí ó rí jẹ́ nǹkan bí 66 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí ọdún 1888 fi máa parí, iyèméjì ti tán.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé Hertz kò rí ìwúlò kankan fún ìgbì yìí! Àìsàn dé sí i ní ìlú Bonn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un títí, ṣùgbọ́n ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1894. Ẹni ọdún 36 péré ni. Ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀.

Ní ọdún 1904, Hülsmeyer, ará Jámánì bíi tirẹ̀, fi irú ẹ̀ta iná yìí mọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi wà lórí odò Rhine. Lónìí, ẹ̀rọ rédà kékeré wà ní iwájú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Iná inú rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ ní nǹkan bí bílíọ̀nù 77 ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì rẹ̀ kò sì tó mìlímítà mẹ́rin. Bí ìgbì náà bá ta padà lára mọ́tò tí ó wà níwájú, ẹ̀rọ náà yóò mọ bí ó ti jìnnà tó, yóò sì ta awakọ̀ lólobó.

Ẹ wo ojú rédíò ilé yín. Hz tí ẹ óò rí níbẹ̀, orúkọ Hertz ni wọ́n gé kúrú.