Sir Percy Girouard, Ọ̀gá Ojú Irin

Ẹni tí ó bá ti Igbóbì rìn dé Yábà yóò bá ojú irin méjì níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sí ìhà àríwá. Èyí tí ó gbòòrò ni ti ìsinsìnyí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní ọdún 2021. Èyí tí ó há ni ti àtijọ́, tí àlàfo irin rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Ìdó ní ọdún 1896. Ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1898, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Kì í ṣe ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ni ó kọ́ ti Èkó. Irin Òkè Ọya, tí ti Èkó lọ pàdé, ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ tí kì í ṣe irin, tí ó sì kan gbogbo ẹni tí ń ra ilẹ̀ ní Igbóbì lóde òní, bí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1867 ni a bí Édouard Percy Cranwill Girouard ní ìlú Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà. Ọmọ Kánádà tí ń sọ èdè Faransé ni Désiré baba rẹ̀, amòfin tí ó padà di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ti ìyá rẹ̀, nítorí náà èdè méjèèjì ni ọmọ náà gbọ́ láti kékeré. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ní Kingston, ó jáde ní ọdún 1886, ó sì fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lójú irin ńlá tí ó la Kánádà já. Ní ọdún 1888 ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọnà lílà àti afárá ṣíṣe. Láti ọdún 1890 ni ó sì ti ń ṣe àkóso ọkọ̀ ojú irin inú ilé ohun ìjà ìjọba ní Woolwich.

Ibi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ni Súdánì. Ní ọdún 1896 Kitchener, balógun àwọn ọmọ ogun Íjíbítì, ránṣẹ́ pè é. Ogun ni wọ́n ń gbé lọ bá Khalifa ní Omdurman, ṣùgbọ́n odò Náílì tí wọn ìbá fi ọkọ̀ gbà lọ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, òkúta sì kún inú rẹ̀. Kitchener rò pé bí irin bá lè la aṣálẹ̀ kọjá tààrà láti Wadi Halfa dé Abu Hamed, ọ̀nà ogun náà yóò kúrú púpọ̀. Nǹkan bí 230 máìlì ni aṣálẹ̀ náà. Kò sí igi, kò sí abúlé, kò sì sí omi. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ irin tí a bi léèrè wí pé kò ṣeé ṣe. Girouard, tí kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, gbà pé ó ṣeé ṣe. Ó jókòó, ó kọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà yóò gbà sínú ìwé, láti orí ẹ̀rọ ńláńlá títí dé orí ohun tí ènìyàn lè gbàgbé. Ó lọ sí ìlú Ọba láti wá ẹ̀rọ, Cecil Rhodes sì yá wọn ní díẹ̀ tí a ti ṣe fún ilẹ̀ Cape, níbi tí irin wọn pẹ̀lú ti jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1897 ni a bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń kó irin lọ síwájú ni ó tún ń gbé omi tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò mu, títí a fi gbẹ́ kànga ní ibi méjì, tí omi sì jáde. Àwọn ará Íjíbítì, àwọn ará Súdánì àti àwọn tí a mú lójú ogun ni ó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ oòrùn. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún náà yóò fi parí, irin ti dé Abu Hamed. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1898 ogun Omdurman jà, ìbọn sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Khalifa láàárín ọjọ́ kan. Irin ni ó gbé ìbọn wọ̀nyẹn débẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yin iṣẹ́ aṣálẹ̀ náà, kí ó rántí ìyẹn pẹ̀lú.

Láti ibẹ̀ a fi í ṣe olórí ọkọ̀ ojú irin Íjíbítì. Nígbà tí ogun àwọn Boer bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1899, a gbé e lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ó sì ń tún afárá ṣe bí ọ̀tá ti ń fọ́ wọn. Ní ọdún 1900 ọba fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ó gbé ọmọ Sir Richard Solomon níyàwó ní ọdún 1903, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ara wọn ní ọdún 1915.

Ní ọdún 1907 ni ó dé Zungeru láti gba ipò tí Lugard fi sílẹ̀ ní Òkè Ọya. Ìjà ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ìjà ìbọn. Sir Walter Egerton, gómìnà ní Èkó, fẹ́ kí irin Èkó gòkè lọ; ó ti dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé Ìlọrin ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Girouard ní tirẹ̀ fẹ́ kí irin bẹ̀rẹ̀ ní Baro, létí odò Ọya, kí ó sì lọ tààrà sí Kano, kí ọkọ̀ ojú omi máa bá a kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀ sí òkun. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù gba ti àwọn méjèèjì. A bẹ̀rẹ̀ irin Baro ní ọdún 1907, ó sì dé Kano ní ọdún 1911, nǹkan bí 350 máìlì. Girouard kò gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ṣe é, John Eaglesome sì ni olórí wọn. Òkè Ọya kò ní owó, orí Gúúsù ni a ti yá owó tí a fi kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí a fi so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọdún 1914, kí ó wo ibẹ̀ dáadáa.

Ta ni ó wa ilẹ̀? Ìjọba a sọ fún ọba, ọba a sọ fún baálẹ̀, baálẹ̀ a sì kó àwọn ọkùnrin abúlé rẹ̀ jáde. A ń san owó díẹ̀ fún wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kò fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ wá. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni ejìká wọn ni ó ru iyẹ̀pẹ̀ náà.

Ohun tí àwọn òyìnbó rò kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òwú ni àwọn oníṣòwò ìlú Ọba ń retí láti Kano, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Hausa wò ó pé ẹ̀pà ni ó ń mú owó wá, ẹ̀pà sì ni wọ́n gbìn. Ní ọdún 1913 ẹ̀pà tí ó jáde lọ sí òkè òkun lé ní 19,000 tọ́ọ̀nù. Baro náà kò rí bí a ti rò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn odò Ọya a máa fà, ọkọ̀ kò sì lè rìn dáadáa. Irin Èkó ti pàdé irin Baro ní Minna, àwọn méjèèjì di ọ̀kan ní ọdún 1912, a sì parí afárá Jẹ́bà ní ọdún 1916. Láti ìgbà náà ni ẹrù Kano ti ń gba Èkó kọjá, tí Baro sì di ẹ̀ka lásán.

Èyí tí ó kù ni ti ilẹ̀. Girouard mọ̀ pé ibi tí irin bá gbà, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò wọ́n, kò sì fẹ́ kí àjèjì olówó wá rà á mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ Òkè Ọya wà ní ìkáwọ́ ìjọba nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀, kí àlejò má sì lè gbà á láìjẹ́ pé gómìnà yọ̀ǹda. A jíròrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908, ó sì di òfin ní ọdún 1910. Nígbà náà ìdílé ni ó ń ta ilẹ̀ ní ìhà Èkó tiwa. Ṣùgbọ́n òfin Àríwá yẹn ni baba òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe fún gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà. Òun ni ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Igbóbì fi gbọ́dọ̀ wá ìyọ̀ǹda gómìnà kí ìwé rẹ̀ tó pé. Ohun tí a gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo tálákà ti di ohun tí tálákà ń sáré kiri ọ́fíìsì nítorí rẹ̀.

Ọkùnrin kan náà ni ó lọ di gómìnà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1909. Ní ọdún 1904 ìjọba ti bá àwọn Maasai dá májẹ̀mú pé ilẹ̀ Laikipia yóò jẹ́ tiwọn títí láé. Ní ọdún 1911 Girouard mú wọn fọwọ́ sí májẹ̀mú mìíràn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn lọ sí gúúsù pẹ̀lú màlúù wọn kí òyìnbó lè gba ibẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ó ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn nípa ilẹ̀ tí a ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn òyìnbó, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1912. Àwọn Maasai gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 1913. Ilé ẹjọ́ wí pé òun kò ní agbára láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó wọ ilé iṣẹ́ Armstrong Whitworth, àwọn tí ń rọ ìbọn ńlá tí wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀. Ní ọdún 1915 ìjọba pè é láti bójú tó ìpèsè ohun ìjà lábẹ́ Lloyd George. Wọn kò rẹ́, kò sì pẹ́ tí ó fi padà sí ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba kò tún gbé iṣẹ́ ńlá kankan lé e lọ́wọ́ mọ́. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1932, ẹni ọdún 65. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jùmọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Igbóbì.