Herbert Macaulay: Ẹni Tó Jà fún Káńsù, Tí Kò Jókòó Níbẹ̀ Rí

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ ìtàn ẹnì kan tó ti kú tipẹ́, tí kálukú ṣì mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn olórin ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Àfi bí mo ṣe rántí pé ọ̀rọ̀ omi ló wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa báyìí. A fẹ́ gbẹ́ bọ́hò sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Èló ni kálukú máa dá? Ta ni yóò máa san owó epo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ya fọ́tò tán tí a sì lọ ilé? Ta ni a sì ti bi léèrè nínú àwọn tó máa lo omi náà? Bó bá ṣe ti omi ni, bó bá ṣe ti owó ìlú àti ẹni tó ń pàṣẹ ni, ọkùnrin kan wà ní Èkó tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ jà lé e lórí. Herbert Macaulay ni mò ń sọ.

Àwọn olùkọ́ wa á rántí náírà oníbébà tó jáde ní 1979. Àwòrán rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí náírà kan di kọ́ìnì ní 1991, òun náà ni wọ́n tún fi síbẹ̀. Àwa ọmọdé ìgbà náà fi kọ́ìnì yẹn ṣeré títí ni, a ò béèrè ẹni tó ni irunmú gbọọrọ yẹn.

Wọ́n bí i ní Èkó ní ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1864. Ọdún 3 péré ni ìyẹn jẹ́ lẹ́yìn tí òyìnbó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Ilé ìwé àti ilé Ọlọ́run ló ti jáde. Abigail ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré tó wá di bíṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ló dá ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, òun náà ló sì kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni Herbert nígbà tí bàbá yìí kú ní 1878. Ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ náà ni ó lọ.

Ní 1881 ó wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Ìjọba rí i pé orí rẹ̀ pé, wọ́n sì rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó padà dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ẹni tí à ń pè ní sọ̀fẹ́yọ̀, lórí ilẹ̀ ìjọba. Ojú rẹ̀ rí nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ó rí bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀, ó sì rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ọ́fíìsì ìjọba, tí ìjọba kò sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé!

Ọ̀rọ̀ owó omi wá dé. Ní 1908, Gómìnà Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wá sí Èkó láti Ìjú. Nígbà náà, kànga ni ọ̀pọ̀ ará Ìsàlẹ̀ Èkó gbójú lé. Omi ẹ̀rọ dára, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ìjọba ní àwọn onílé ni yóò san owó rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní kò sẹ́ni tó bi àwọn. Wọ́n ní àwọn ní kànga, àti pé àwọn òyìnbó ni omi yẹn máa ṣe láǹfààní jù. Ìlú gbóná, èrò rọ́ lọ sí ilé Gómìnà. Àwọn dókítà méjì tó lórúkọ, John Randle àti Orísádípẹ̀ Ọbasá, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà láti fi tako owó omi.

Ìjọba fà sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jáwọ́. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ omi Ìjú. Nígbà tó di 1916 tí wọ́n ní kí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìjà tún bẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn aṣáájú People's Union ní kí ará ìlú gbà, kí wọ́n san án. Ibẹ̀ ni ìlú ti kúrò lẹ́yìn wọn. Macaulay kò kúrò lẹ́yìn ìlú ní tirẹ̀. Ó wà pẹ̀lú ilé Dòsùmú, ó wà pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà, ó wà pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni o! Ìjọba bínú sí Ọba Èṣùgbàyí Elékòó, wọ́n ní kò ran àwọn lọ́wọ́ tó lórí owó omi náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ìjọba ló borí nínú ìjà yẹn. Omi ẹ̀rọ ṣàn, owó rẹ̀ sì di sísan. Ẹni tó bá ní omi mímọ́ yẹ Èkó kò purọ́, Macaulay tó kọ́ ẹnjiníà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí ìlú nínú ni pé wọ́n ń ṣètò àpò wọn láìsí àwọn níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjà náà kò fi tán nígbà tí omi dé.

Èmi kò fẹ́ ya ère áńgẹ́lì fún yín. Ní 1913, ilé ẹjọ́ rán Macaulay lẹ́wọ̀n ọdún 2 lórí owó ogún kan tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Èkó gbà pé nítorí òṣèlú ni. Èyí ó wù kó jẹ́, àbùkù náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1928 wọ́n tún tì í mọ́lé fún oṣù 6, nítorí àhesọ kan tí ìwé ìròyìn Lagos Daily News gbé jáde pé wọ́n fẹ́ pa Elékòó. Òun wà lára àwọn tó ni ìwé ìròyìn náà. Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ ìròyìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti àhesọ yẹn kọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n láàárín ẹ̀wọ̀n méjèèjì, ó ṣe iṣẹ́ tí ìran Olúwa kò lè gbàgbé. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó. Ìjọba ní ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ ní ti gidi, pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ilẹ̀ gan-an. Ẹjọ́ lọ títí dé Privy Council ní London. Macaulay bá olóyè náà wọkọ̀ ojú omi lọ ní 1920, ọ̀pá àṣẹ Elékòó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1921 àwọn adájọ́ dá Olúwa láre. Wọ́n gbà pé ilẹ̀ ní onílẹ̀, pé ẹbí àti ìlú ló ni ín, òyìnbó kò sì lè gbà á láìsan owó tó yẹ. Owó tí wọ́n san níkẹyìn jẹ́ £22,500.

Elékòó ló jìyà ìrìn àjò yẹn. Macaulay sọ̀rọ̀ ní London bí ẹni pé Elékòó ni olórí gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba ní kí ọba kọ̀ ọ́ ní gbangba, ọba kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ tún dé Privy Council. Ní 1931 Èṣùgbàyí padà wá sílé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wàjà.

Ní báyìí, ẹ padà wá sí káńsù. Ní 1920 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kí ará Èkó dìbò yan àwọn kan sínú káńsù ìlú. Òfin Gómìnà Clifford ní 1922 tún fún Èkó ní àga 3 ní ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò sí i. Ìyálọ́jà tó ń bọ́ ilé kò sí níbẹ̀. Lọ́dún 1923, Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian National Democratic Party sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló gba àga 3 yẹn ní 1923, ní 1928 àti ní 1933. Ọdún 1938 ni Nigerian Youth Movement tó wá já a gbà lọ́wọ́ wọn.

Gbogbo àsìkò yìí, Macaulay fúnra rẹ̀ kò lè du ipò kankan. Ẹ̀wọ̀n tó ṣe ló dí i lọ́nà lábẹ́ òfin. Ó ń kó èrò jọ, ó ń yan ẹni tí yóò wọlé, ó ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ láti ilé rẹ̀, Kirsten Hall, títí wọ́n fi ń pè é ní oṣó Kirsten Hall. Àwọn tó yàn wọlé, wọ́n jókòó. Òun wà níta. Bí ènìyàn bá ro èyí dáadáa, ó dunni.

Ní 1944, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ King's College da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ pe àwọn ẹgbẹ́ jọ, wọ́n dá NCNC sílẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 79 ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé àgbà. Ní 1946 wọ́n ń káàkiri ilẹ̀ yìí láti tako òfin tí Gómìnà Richards ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ará ìlú. Ṣé ẹ rí i? Ìjà 1908 kan náà ni. Àìsàn kọ lù ú ní Kánò. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún, 1946. Ìtẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí.

Ọdún 4 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1950, gbogbo àgbà ní Èkó, lọ́kùnrin lóbìnrin, dìbò yan káńsù. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti NCNC ló borí, Dókítà Ọlọ́runnímbẹ̀ sì di méyọ̀. Inú Macaulay ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ní 1953 wọ́n tú káńsù náà ká lẹ́yìn ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gbígba àga lọ́tọ̀, lílo àga lọ́tọ̀.

Àwọn kan nínú wa ti di káńsẹ́lọ̀ lónìí, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó bá dé, tí a kò bá pe ará àdúgbò kí á tó gbẹ́ gọ́tà tàbí fa omi, Egerton aláwọ̀ dúdú ni a dà yẹn.

Ní tiwa, mo ní àbá kan. Kí a tó dá owó bọ́hò ní àpéjọ yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́, àwọn òbí, àti ọmọ méjì láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ká bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ ẹ sí, ká sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè ra epo. Bí wọ́n bá ní kànga tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni kí á tún ṣe, ká gbọ́ o. Mo ti múra láti dá tèmi. Ọlọ́run á jẹ́ ká tún fojú kanra lọ́dún tó ń bọ̀, nínú ayọ̀ àti àlàáfíà. Àmín.