AL-KHWARIZMI: Ọ̀MỌ̀WÉ TÍ Ó FI ÌṢÍRÒ GBÈJÀ Ẹ̀TỌ́ AJOGÚN

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹni tí a mú wá fún yín nínú oṣù yìí kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe ọba. Onímọ̀ ni. Ìṣírò máa ń ba púpọ̀ nínú wa lẹ́rù nílé ẹ̀kọ́, pàápàá èyí tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ gígùn kọ, tí ènìyàn kò mọ ibi tí yóò ti mú un. Mùsùlùmí ni ọkùnrin tí ó kọ ìwé tí ó la ọ̀nà irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ fún aráyé.

Orúkọ rẹ̀ ni Muhammad ọmọ Musa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí al-Khwarizmi. Orúkọ yìí tọ́ka sí Khwarazm, ilẹ̀ kan ní gúúsù òkun Aral, tí ó wà ní Uzbekistan àti Turkmenistan lónìí. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 780. Baghdad ni ó ti ṣiṣẹ́, ní ìgbà Khalifa al-Ma'mun tí ó jọba láti ọdún 813 sí 833. Al-Ma'mun fẹ́ràn ìmọ̀ púpọ̀. Ní Baitu-l-Hikmah, èyíinì ni Ilé Ọgbọ́n, al-Khwarizmi wà lára àwọn onímọ̀ ìgbà náà, nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ ìwé àwọn ará Gíríìsì, Páṣíà àti Íńdíà sí èdè Lárúbáwá.

Khalifa yìí ni ó gbà á níyànjú tí ó fi kọ ìwé kan lórí al-jabr àti al-muqabala. Al-jabr ni dídá ohun tí a yọ kúrò padà sípò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Lárúbáwá ń lò fún títo eegun tí ó ṣẹ́. Al-muqabala ni fífi apá kan kojú èkejì, kí a sì yọ ohun tí ó jọra kúrò ní apá méjèèjì. Kò lo àmì kankan, ọ̀rọ̀ lásán ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí a kò tíì mọ̀, ó pè é ní shai', ìyẹn nǹkan.

Kì í ṣe eré ọpọlọ ni ó fi ìwé náà ṣe. Ó kọ ọ́ nítorí ogún, òwò, ẹjọ́, wíwọn ilẹ̀ àti gbígbẹ́ ojú odò. Apá tí ó gùn jù nínú rẹ̀ dá lórí ogún àti àsọọ́lẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan nínú rẹ̀. Obìnrin kan kú, ó fi ọkọ, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀. Ó ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹnì kan tí kì í ṣe ajogún ní ìdá kan nínú mẹ́jọ pẹ̀lú ìdá kan nínú méje dúkìá rẹ̀. Èló ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Lákọ̀ọ́kọ́, àsọọ́lẹ̀ ṣáájú ogún. Ìdá méjèèjì papọ̀ jẹ́ 15 nínú 56. Kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, nítorí náà ó tọ̀nà. Ó ku 41. Lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Suratu-n-Nisai, ọkọ gba ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ó kù nítorí pé olóògbé ní ọmọ, ọmọkùnrin sì gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Bí a bá pín in sí 20, ọkọ gba 5, ọmọkùnrin 6, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan 3. Lẹ́ẹ̀kẹta, 41 kò ṣeé pín sí 20 láìní àjẹkù, nítorí náà a sọ 56 di ìlọ́po 20, ó di 1,120. Ẹni tí a sọ àsọọ́lẹ̀ fún gba 300, ó ku 820. Ọkọ gba 205, ọmọkùnrin 246, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan 123. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 1,120 náà ni yóò jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kánjú, tí ó kọ́kọ́ yọ ìdá mẹ́rin ọkọ láti inú gbogbo dúkìá, 280 ni yóò fún un. Ọkọ ti gba 75 tí kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn, láti inú ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àṣìṣe kékeré nínú ètò ìṣírò ti di jíjẹ ohun ọmọ òrukàn.

Al-Khwarizmi tún kọ ìwé lórí òǹkà àwọn ará Íńdíà, lórí ìràwọ̀, àti lórí ilẹ̀ ayé, nínú èyí tí ó to ipò ìlú, òkè àti odò tí ó lé ní 2,400. Nǹkan bí ọdún 850 ni ó kú. Ní ọdún 1145, Robert ará Chester túmọ̀ ìwé al-jabr sí èdè Látìn ní Sípéènì. Láti ibẹ̀ ni áljẹ́brà ti gba orúkọ. Láti ara orúkọ al-Khwarizmi fúnra rẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ti rí ọ̀rọ̀ náà algorithm, ìlànà ẹsẹ̀-kan-tẹ̀lé-èkejì tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé lónìí.

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin, ẹ má ṣe sá fún ìṣírò. Ẹ ka ìbéèrè dé òpin, ẹ wádìí ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú, ẹ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ro ó pọ̀ wò nígbẹ̀yìn. Ẹ kọ́ àwọn àbúrò yín náà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní rẹ́ni jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i rẹ́ jẹ. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní ta wá lọ́rẹ. Àmín.