Alfred Binet, Ẹni tí ó Wọn Òye Ọmọ

Ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé ni a bí Alfred Binet sí ní ọdún 1857. Ẹ̀kọ́ òfin ni ó kọ́kọ́ kọ́, kí ó tó yí sí ìwádìí nípa ọkàn ènìyàn.

Ní ọdún 1904, ìjọba yàn án mọ́ ìgbìmọ̀ tí yóò gba ọ̀ràn àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò wọ̀ lórí yẹ̀ wò. Àwọn oníṣègùn kan ń fẹ́ kí a kó irú wọn lọ sí ilé wèrè. Binet kọ̀ jálẹ̀: kíláàsì ọ̀tọ̀ ni ó bèèrè fún wọn. Ní ọdún 1905, òun àti Dókítà Théodore Simon gbé ìdánwò 30 jáde, láti orí èyí tí ó rọrùn dé èyí tí ó le, kí ìdájọ́ má baà wà lẹ́nu olùkọ́ nìkan. Ó gbà pé òye a máa dàgbà.

Binet kú ní ọdún 1911, ní ẹni ọdún 54. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn kan ní Amẹ́ríkà fi irú ìdánwò yìí pe àwa aláwọ̀ dúdú ní òpè láti inú ìyá wa wá. Òògùn tí ó ṣe fún ìwòsàn ni wọ́n sọ di májèlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí a tó yẹ ọpọlọ ọmọ wò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pèsè ìrànlọ́wọ́ tí a ó ṣe fún un.