Fadá Jacques Sevin, Baba Síkáòtù Kátólíìkì

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nítorí náà, bí a ti ń ṣe jùbílì ìjọ wa ní Pira, ó tọ́ kí á sọ ìtàn àlùfáà tí ó la ọ̀nà Síkáòtù fún àwọn ọmọ Kátólíìkì ilẹ̀ Faransé, kí ọ̀nà náà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ìlú Lille ni a bí Jacques Sevin sí, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1882. Ní 1900 ó wọ ẹgbẹ́ àwọn Jésúìtì. Ní 1914 ó gba oyè àlùfáà. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ Kátólíìkì ní Faransé ń fura sí Síkáòtù tí Baden-Powell dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n kà á sí ohun àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Sevin kò fi àgbọ́sọ dá ẹjọ́. Ní 1913 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó rí Baden-Powell fúnra rẹ̀, ó sì kíyè sí bí a ti ń tọ́ àwọn ọmọ náà. Ó dá a lójú pé òfin Síkáòtù kò tako Ìhìnrere.

Ní 1920, òun àti Kánọ́nì Cornette àti Édouard de Macédo dá Scouts de France sílẹ̀. Ó kọ ìwé, ó kọ orin, láti 1923 ó sì ń kọ́ àwọn olórí ní àgọ́ Chamarande. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn aṣíwájú. Ní 1933 a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gbin igi ni a ní kí ó kúrò nínú oko. Kò fa ẹgbẹ́ ya. Ó gbọ́ràn, ó sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ àlùfáà. Ní 1944 ó dá ẹgbẹ́ àwọn Sìstà Agbélébùú Mímọ́ ti Jerúsálẹ́mù sílẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 1951, ní Boran-sur-Oise.

Igi náà kò kú. Síkáòtù ti bẹ̀rẹ̀ ní Dahomey láti 1932, nígbà tí Faransé ń ṣàkóso wa. Ní 2012, Póòpù Benedict XVI, ẹni tí ó bẹ ilẹ̀ Benin wò ní 2011, fọwọ́ sí i kí á máa pe Sevin ní Ẹni Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́gbọ́n: a lè gba ipò lọ́wọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, a kò lè gba èrè rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmín.