Ìgbésí Ayé Muddy Waters: Ọ̀gá Tí Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Rẹ̀ Là Jù ú Lọ

Ìfáárà

Nínú ìtàn orin àgbáyé, àwọn ọdún tó wà láàárín 1963 sí 1967 jẹ́ ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fi gìtá oníná da ìgboro rú. Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì àti pọ́ọ̀pù bíi Beatles àti Rolling Stones tàn dé ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹgbẹ́ Rolling Stones kò ṣàdédé jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Inú orin búlúùsì kan tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan gbé jáde ní ìlú Chicago ní ọdún 1950 ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Muddy Waters ni orúkọ tí ayé mọ ọkùnrin náà sí. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tó kan gbogbo ẹni tó ń kọ́ ẹlòmíràn ní iṣẹ́: bí ọmọ iṣẹ́ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, tí ó sì fi iṣẹ́ náà là ju ọ̀gá lọ, kí ni ẹ̀tọ́ ọ̀gá lára ọrọ̀ náà?

Ìbí àti Ìgbà Èwe

McKinley Morganfield ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Mississippi, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 4, oṣù kẹrin. Ọdún 1915 ni òun fúnra rẹ̀ máa ń pè, àmọ́ àwọn àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ṣe kí ó tó di olókìkí tọ́ka sí 1913. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré jọjọ, ìyá ìyá rẹ̀, Della Grant, ló sì mú un lọ sí oko òwú Stovall nítòsí ìlú Clarksdale, tó wò ó dàgbà níbẹ̀. Màmá àgbà yìí ló sọ ọ́ ní Muddy, èyí tó túmọ̀ sí ẹlẹ́rẹ̀, nítorí pé ọmọ náà fẹ́ràn láti máa ṣeré nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, Waters, tó túmọ̀ sí omi, kún un. Báyìí ni ìnagijẹ ṣe bo orúkọ àbísọ mọ́lẹ̀.

Ìran àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní oko Stovall. Òfin ti fòpin sí òwò ẹrú àti oko ẹrú ní ilẹ̀ náà láti ọdún 1865, ṣùgbọ́n ìyà kò tíì tán. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń ro, wọ́n ń pín ìkórè pẹ̀lú rẹ̀, gbèsè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń bá délé lópin ọdún. Láàárín irú àwọn ènìyàn báyìí ni orin búlúùsì ti hù.

Hàmóníkà, fèrè kékeré tí a ń fẹnu fọn, ni Muddy kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ta ẹṣin tó kù sí wọn lọ́wọ́, ó pín owó náà sí méjì, ó fún màmá àgbà ní ìdajì, ó sì mú nǹkan bíi dọ́là 2.50 nínú ìdajì tirẹ̀ ra gìtá àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ Son House, àgbà olórin àdúgbò náà, ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọrùn ìgò bọ ìka, tí a ó máa fà á lórí okùn gìtá kí ohùn rẹ̀ lè máa sunkún bí ènìyàn. Ó tún tẹ́tí sí orin Robert Johnson, ó sì kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Nítorí náà, òun pẹ̀lú ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kí ó tó di ọ̀gá.

Láti Oko Òwú dé Ìlú Chicago

Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1941, Alan Lomax, tó ń ṣiṣẹ́ fún Ilé-Ìkówèésí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà, àti John Work, olùkọ́ ní Yunifásítì Fisk, dé sí agbègbè Clarksdale láti gba ohùn àwọn olórin ìbílẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gba ohùn Muddy nínú ilé onígi tó ń gbé. Nígbà tí wọ́n gbé ohùn náà padà fún un láti gbọ́, ó wá yé e pé orin òun náà tó ohun tí a ń kó sínú àwo. Lomax fi ẹ̀dà àwo náà méjì àti 20 dọ́là ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ awakọ̀ katakata ni ó ń ṣe lóko nígbà náà. Ó bẹ̀bẹ̀ fún àfikún owó díẹ̀, alábòójútó oko kò gbà. Ní ọdún 1943, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Chicago, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kẹ́ àìmọye aláwọ̀ dúdú ti ń fi gúúsù sílẹ̀ lọ sí àríwá láti wáṣẹ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ó ń ṣe lọ́sàn-án. Ní alẹ́, ó ń ṣeré níbi àríyá àti nílé ọtí. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé ariwo ilé ọtí Chicago ń bo ohùn gìtá onígi mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi gba gìtá oníná, èyí tí ẹ̀rọ ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Kò ju ohùn ìlò tuntun yìí sí òde ìbílẹ̀. Bí ó ti ń fa ọrùn ìgò lórí okùn lóko náà ló ń fà á ní ìgboro.

Leonard àti Phil Chess, ọmọ Júù tí wọ́n ṣí wá láti Pólàndì, ni wọ́n gbé orin rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1948, àwo rẹ̀, I Can't Be Satisfied, tán lórí àtẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ náà di Chess Records, Muddy sì gbé Rollin' Stone jáde lábẹ́ orúkọ tuntun yìí. Ó kó àwọn akọni jọ sínú ẹgbẹ́ rẹ̀: Little Walter nídìí hàmóníkà, Jimmy Rogers nídìí gìtá, Otis Spann nídìí píánò. Willie Dixon sì ń hun orin fún wọn. Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí Chuck Berry wá sí Chicago ní ọdún 1955, Muddy ló júwe ilé Leonard Chess fún un. Lọ́dún náà gan-an ni orin Maybellene sọ Berry di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Àbùdá Orin Rẹ̀

Ohun méjì ló hàn gbangba nínú orin Muddy Waters. Èkíní ni àwítúnwí: akọrin a sọ gbólóhùn kan, a tún un sọ, gbólóhùn kẹta a sì wá dáhùn tàbí kí ó já kókó ọ̀rọ̀. Èkejì ni lílé àti ègbè. Ohùn rẹ̀ ló ń lé, gìtá tàbí hàmóníkà ló ń gbè é. Ìfọ́nnu náà kò gbẹ́yìn. Nínú Hoochie Coochie Man, tí Dixon hun fún un ní ọdún 1954, akọrin ń fọ́nnu pé kí wọ́n tó bí òun ni wọ́n ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa òun, ó sì ń ka àwọn oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orin ẹni tí ìyà jẹ, tí kò sì gbà pé òun kéré, ni.

Àárín Àwọn Ọdún 1960

Ní ọdún 1958, Chris Barber, olórin jáàsì, pe Muddy àti Otis Spann wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo gìtá oníná rẹ̀ kó ìpayà bá àwọn kan lára àwọn aláríwísí tí wọ́n ń retí àgbẹ̀ tó mú gìtá onígi dání. Nígbà tí ó padà lọ ní ọdún 1963, ó gbé gìtá onígi lọ kí wọ́n má baà tún ráhùn. Àmọ́ ìgbà ti yí padà. Ariwo tí wọ́n kọ̀ lọ́jọ́sí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè fún.

Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti ń fi àwo kọ́ orin rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rí i sójú. Ní ọdún 1961, Mick Jagger àti Keith Richards pàdé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dartford. Àwo Muddy Waters àti ti Chuck Berry tó wà lọ́wọ́ Jagger ló di okùn ọ̀rẹ́ wọn. Ní ọdún 1962, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Brian Jones, wọ́n sì mú orúkọ ẹgbẹ́ nínú orin Muddy. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1964, wọ́n dé Chicago, wọ́n sì wọ ilé Chess ní nọ́ńbà 2120, òpópónà South Michigan, láti gba orin sílẹ̀. I Can't Be Satisfied wà lára ohun tí wọ́n kọ níbẹ̀.

Richards ròyìn lẹ́yìn náà pé orí àkàbà ni àwọn bá Muddy, tó ń kun àjà ilé-iṣẹ́ náà lọ́dà. Marshall, ọmọ Leonard Chess, sẹ́ ọ̀rọ̀ náà kanlẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ìdí tí ìtàn náà fi tàn kálẹ̀ kò fara sin. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi orin olówó kékeré kó owó ńlá jọ, ọ̀gá sì ń ṣeré kiri ilé ọtí láti rí oúnjẹ òòjọ́. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ náà jẹ́ abaramóorejẹ. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 1965, nígbà tí ètò orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kan, Shindig, pè wọ́n ní Amẹ́ríkà, Rolling Stones ní dandan kí wọ́n pe Howlin' Wolf, ojúgbà àti olùdíje Muddy, sórí ètò náà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ṣe kọ́kọ́ rí àgbà olórin tó ń gbé láàárín wọn, láti ọwọ́ àlejò. Ní Chicago fúnra rẹ̀, Paul Butterfield àti Mike Bloomfield, ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun méjì, ń lọ jókòó sí ilé ọtí àwọn aláwọ̀ dúdú láti kọ́ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ Muddy. Ní ọdún 1965, Bloomfield wà lára àwọn tó lu gìtá oníná lẹ́yìn Bob Dylan níbi àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ ní Newport, ìṣẹ̀lẹ̀ tó dá arúkutu sílẹ̀.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ọdún 1968, Chess fẹ́ kí Muddy kọrin bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ ọ́, wọ́n sì gbé Electric Mud jáde. Àwọn ọ̀dọ́ rà á, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dún kejì ni òun, Spann, Butterfield àti Bloomfield jọ ṣe Fathers and Sons, èyí tó túmọ̀ sí Àwọn Bàbá àti Àwọn Ọmọ. Níbẹ̀, orin tirẹ̀ ni wọ́n kọ, àwọn ọmọ sì tẹ̀lé bàbá. Àwo náà wà lára èyí tó tà jù lọ fún un.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀tọ́ àti Ọjọ́ Alẹ́

Ní oṣù kẹwàá, ọdún 1969, ó ní ìjàm̀bá ọkọ̀ tó mú ẹ̀mí àwọn mìíràn lọ, tó sì sọ ọ́ di èrò ilé ìwòsàn fún ìgbà pípẹ́. Ó dìde padà. Ní ọdún 1972, ó gba ẹ̀bùn Grammy àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà tó gbà láyé rẹ̀.

Ní apá kejì àwọn ọdún 1970, òun àti Willie Dixon gbé Arc Music, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àṣẹ-lórí orin wọn, lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé owó tó tọ́ sí wọn kò dé ọwọ́ wọn. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà láìdé ibi ìdájọ́, Muddy sì wá ń jẹ èrè orin rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 1977, Johnny Winter, ọmọ iṣẹ́ mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, bá a ṣe àwo Hard Again, tó tún gba Grammy. Ní ọdún 1978, ó ṣeré fún Ààrẹ Jimmy Carter ní White House. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1981, Rolling Stones wá bá a ṣeré nílé ọtí Checkerboard Lounge ní Chicago.

Ojú oorun ni ó gbà lọ ní ilé rẹ̀ ní Westmont, ìpínlẹ̀ Illinois, ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1983. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú Rock and Roll Hall of Fame ní ọdún 1987. Ilé onígi tí wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ ní Stovall di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Clarksdale. Ní ọdún 2021, ìlú Chicago kéde ilé tó gbé níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé onítàn.

Ìkádìí

Adáṣe ní í hun ọmọ, ìbà kì í hun ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́ àárín àwọn ọdún 1960 júbà fún Muddy Waters: wọ́n jẹ́ orúkọ orin rẹ̀, wọ́n kọ orin rẹ̀, wọ́n sì bá a jókòó nígbà tó dàgbà. Ìbà yẹn ni kò jẹ́ kí odò gbàgbé orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbà kò sanwó ilé. Ìwé àdéhùn àti òfin ló dá èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà fún un, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìdáhùn sí ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀: ohun méjì ló tọ́ sí ọ̀gá lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ àti lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iṣẹ́ náà, kí a dárúkọ rẹ̀, kí a sì fún un ní ìpín tirẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà láyé.